Ọgbọ̀n Búlọ́ọ̀kù Nínú Àpò Kan

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni bàbá àgbà mi ní fún ohun tí owó rẹ̀ kò ga, kò sì sí èyí tí wọ́n fọkàn tán nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀pọ̀, ẹ̀dínwó, gbànjo, ọ̀fẹ́, olówó pọ́ọ́kú, kò tó nǹkan. Bí ẹ bá sọ ọ̀kan nínú wọn létí Bàbá, ojú wọn á kéré, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n á wá béèrè pé, "Ta ló ń tà á?" Wọn kì í béèrè pé èló ni. Ta ló ń tà á, ibo ló ti rí i, kí ló dé tí kò kọ́kọ́ tà á fún ará ilé ẹ̀.

Ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi rántí wọn, torí wọ́n máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo jogún ìfura wọn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó dùn nípa òkú, inú mi á ní kí n tún un wò dáadáa, bóyá nǹkan kan wà tí mò ń fi bò. Nǹkan kan wà lóòótọ́. Màá dé ibẹ̀.

Bàbá Ifọ̀ la ń pè wọ́n, àwa ọmọ ọmọ tí wọ́n bí sí Àgbàdo. Ìran wọn ti wà ní Ifọ̀ kí ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá, ahọ́n wọn kò sì yí padà títí wọ́n fi kú. Níbi tí àwa ti ń sọ pé "wọ́n ní," Bàbá á sọ pé "án ní." Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń mọ lẹ́bàá títì tó lọ sí Abẹ́òkúta. Mọ́ọ̀dù irin kan ni wọ́n ní, ṣọ́bìrì méjì, àti Múfú, ọmọ Ìkìrun tó ní oṣù mẹ́ta lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tó sì dàgbà síbẹ̀ títí orí rẹ̀ fi ń pá.

Mọ́ọ̀dù yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ó já bọ́ láti ẹ̀yìn mọ́tò nígbà kan níbi tí títì ti dábùú ojú irin ní Àgbàdo, igun rẹ̀ kan sì ya. Ẹni tó ń jó irin bá wọn jó o pọ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà kò dán. Láti ọjọ́ náà, gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá ti inú rẹ̀ jáde á ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wú díẹ̀ ní igun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi ìka tọ ìlà náà lórí búlọ́ọ̀kù tútù títí Múfú á fi lé mi. A ní kí Bàbá ra mọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n kọ̀. Ìlà yẹn ń wù wọ́n. Wọ́n ní, "Búlọ́ọ̀kù tèmi kọlà. Bó bá sọnù, ará ilé ẹ̀ á mọ̀ ọ́n."

Àpò sìmẹ́ńtì kan, ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù. Òfin wọn nìyẹn. Àwọn mìíràn lójú títì kan náà ń yọ ogójì, òmíràn ń yọ àádọ́ta, wọ́n á kàn máa da iyanrìn sí i. Bàbá kì í bá wọn jà. Tí oníbàárà bá dé, wọ́n á gbé búlọ́ọ̀kù kan dé ìbàdí, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Tó bá fọ́, wọn kò ní ta ìyókù. Ìgbà tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, tí dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́, Múfú ní kí òun máa bá wọn jù ú. Wọ́n ní rárá, pé ẹni tó ń ta nǹkan ló yẹ kí ẹ̀yìn máa dùn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó pásítọ̀ kan wá láti Magboro. Ọkọ̀ rẹ̀ dára, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ẹ̀dínwó fún wa. Iṣẹ́ Ọlọ́run la fẹ́ fi ṣe."

Bàbá ní, "Ẹ dìde, Mà. Ẹ̀dínwó wà. Apá ibo nínú ilé Ọlọ́run lẹ fẹ́ kí n dín?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, kò sì padà wá. Múfú ń ráhùn. Bàbá bu omi sí ife, wọ́n mu ún, wọ́n sì sọ gbólóhùn kan tí mo ti lò fún oríṣiríṣi èèyàn láti ìgbà náà: "Ẹni tó bá dín owó fún ọ, bi í pé kí ló tún dín."

Ẹ má rò pé búlọ́ọ̀kù nìkan ni. Bùọ̀dá Délé, àbúrò màmá mi, ra bàtà tòkunbọ̀ ní ọjà Ifọ̀, ó dán gbinrin. Ó fi han Bàbá, ó ní òun rà á lọ́pọ̀. Bàbá gbé bàtà náà sókè, wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún gbé e síwájú oòrùn. Wọ́n ní, "Án ní ó pọ̀. Ẹsẹ̀ ta ló kọ́kọ́ jáde nínú ẹ̀?" Bùọ̀dá Délé kò lè wọ bàtà náà mọ́ láìronú nípa ẹsẹ̀ yẹn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó fi tọrẹ.

Ní Ibafo, níbi tí àwọn oníbúrẹ́dì ti ń sáré tọ ọkọ̀ lójú títì márosẹ̀, Bàbá á tẹ búrẹ́dì kan, wọ́n á tẹ ìkejì, títí awakọ̀ á fi bínú. Wọ́n ní búrẹ́dì tí a bá tẹ̀ tí kò padà sókè, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń ta. Nígbà tí àwọn olóṣèlú wá pín fìlà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n gbà á, wọ́n yí inú rẹ̀ síta kí àwòrán olóṣèlú tó wà lára ẹ̀ má baà hàn. Mo bi wọ́n pé ṣebí ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ràn ọ̀fẹ́. Wọ́n ní, "Oòrùn ni mo gbà á fún. Mi ò bá ojú ẹni tó wà lára ẹ̀ da nǹkan pọ̀."

Ògiri ni wọ́n fi ń dójú tì wá jù. Bàbá kì í jókòó sílé ẹnikẹ́ni kí wọ́n má kọ́kọ́ fi ìka kan ògiri. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Magboro, nílé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, Bàbá ń kan ògiri pálọ̀ lọ láti igun dé igun nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Baálé ilé yọ́ wá bá wọn.

"Bàbá, ṣé ilẹ̀kùn lẹ ń wá ni?"

"Rárá o. Ògiri ni mò ń kí. Kò dá mi lóhùn."

A kò jẹun tán níbẹ̀. Màámi fà wọ́n jáde, ojú ń tì wọ́n, wọ́n sì ń bú Bàbá títí a fi dé ibùdókọ̀. Bàbá kàn ń sọ pé ìfura loògùn àgbà.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ Màámi báyìí. Àwọn ni àkọ́bí Bàbá. Aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà ní Àgbàdo. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, inú yàrá kan àti pálọ̀ la wà, lábẹ́ onílé tó ń ka iye ìgbà tí a fa omi. Màámi ra ilẹ̀ ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Mowe. Nígbà tó tó àkókò láti kọ́ ọ, ilé bàbá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Mo tẹ̀lé wọn.

"Bàbá, ẹ bá mi dín in díẹ̀," ni Màámi wí.

"Mi ò lè dín in."

"Ọmọ yín ni mí o."

"Torí ẹ̀ ni. Ọmọ mi kì í ra ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ mi. Máa kó o díẹ̀díẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

"Onílé ti ní ká jáde, Bàbá! Ṣé inú òwe la máa sùn ni?"

Màámi sunkún nínú mọ́tò títí a fi dé Àgbàdo, èmi náà sì bá wọn bínú sí Bàbá. Lójú tèmi, agídí lásán ni.

Bùọ̀dá Láńre, tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Ibafo, tí òun àti Màámi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ló gbà wá. Mo rántí ohun tó sọ lórí fóònù, torí Màámi tan ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa gbọ́: "Mà, búlọ́ọ̀kù olówó pọ́ọ́kú ti dé. Ẹ̀dínwó tún wà nínú ẹ̀ fún yín torí pé ẹ̀yin ni. Owó mọ́tò gan-an, kò tó nǹkan." Mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn, nínú ẹ̀mí kan. Mo kà wọ́n lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ onílé ti sú mi.

Ó kó búlọ́ọ̀kù wá ní ẹrù mọ́tò mẹ́rin. Ẹrù tó kẹ́yìn ni bíríkìlà fi mọ ògiri ẹ̀yìn yàrá mi. A rẹ́ inú ilé, a fi ìta sílẹ̀ títí owó á fi dé, a sì kó wọlé. Màámi ṣe àdúrà ìṣílé, Bàbá wọ mọ́tò mẹ́ta láti Ifọ̀ wá.

Wọ́n yí ilé ká kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ń kan ògiri lọ, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ó ṣe díẹ̀, ó ṣe díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn, mi ò gbọ́ kíkàn mọ́. Mo lọ wò wọ́n. Wọ́n dúró níwájú ògiri yàrá mi, wọ́n ti fi àtàǹpàkò lé ara búlọ́ọ̀kù kan, wọn kò sì mira. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi àpò ẹlòmíràn.

"Yàrá ta nìyí?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Máa sùn ní pálọ̀."

Wọ́n kọ̀, wọn ò wọlé. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni wọ́n jókòó sí títí ètò fi parí, òjò sì rọ̀ lé wọn lórí. Àwọn àlejò ń wo Màámi. Nígbà tí mo sọ ohun tí Bàbá sọ nípa pálọ̀ fún Màámi, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Ìlara ni. Torí mi ò ra tiwọn. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ń ṣe ìlara mi." Mo gbà wọ́n gbọ́. Kí ni mo tún lè rò? Oníbúlọ́ọ̀kù kì í yin búlọ́ọ̀kù ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tètè darí láti Magboro níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo sì bá èrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Wọ́n ti ká aṣọ mi jọ sórí àga ní pálọ̀ dáadáa, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi síbẹ̀, wọ́n fi igi ńlá gbé òrùlé dúró. Ògiri ẹ̀yìn yàrá mi kò sí mọ́. Bàbá Ifọ̀ dúró sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, erùpẹ̀ bò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Múfú ń fi bárò kó àfọ́kù, kò sì jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ọ̀kadà ló gbé Màámi dé. Wọ́n wò, wọ́n yọ ìborùn, wọ́n fi so ìbàdí.

"Bàbá. Ẹ wó ilé mi."

Bàbá gbé búlọ́ọ̀kù kan tó ṣẹ́kù nínú ògiri náà. Wọ́n gbé e dé ìbàdí, wọ́n jù ú sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó là sí méjì. Ó tú ká bí gúgúrú. Àwọn aládùúgbò ké "Yéè!" Ìyá kan ní Ọlọ́run ló yọ mí.

"Ẹ ti fi òòlù lù ú kẹ́ ẹ tó jù ú," ni Màámi wí.

"Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, Ìyábọ̀."

"Ìrì kọ́ ló wó o, Bàbá. Ẹ̀yin ni."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá àti Múfú fi tún ògiri náà mọ, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó wá láti Ifọ̀. Màámi kò fún wọn lómi mu. Mo ń yọ́ oúnjẹ fún wọn gba ẹ̀gbẹ́ ilé bí ẹni ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá kò gba kọ́bọ̀, wọn kò sì dúró gba ọpẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dú. Láti ọjọ́ náà, Màámi kò dé Ifọ̀ mọ́.

Ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé. Òun ni mo ń dúró lé wẹ ẹsẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó tó ọdún kan kí n tó wò ó dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ṣàn kọjá lórí rẹ̀, oòrùn sì bọ́ sí i lára, mo rí ìlà kan ní igun rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, tó wú díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tọ ọ́. Ìka mi mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò kò dára. Mo ní Bàbá ló gbé e síbẹ̀. Wọ́n mú búlọ́ọ̀kù tiwọn wá láti fi parọ́ nǹkan kan, mi ò mọ ohun tí ì bá jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí àtàǹpàkò wọn lára ògiri, àti bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ kúrò. Mo fi ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù náà sínú báàgì Gáná-mọ́sìgò, mo wọ mọ́tò lọ sí Ifọ̀.

Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti rù. "Ọlọ́pàá dé," ni wọ́n wí. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn láti kékeré, torí ìbéèrè mi pọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé nǹkan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọn kò béèrè pé ta ló ń tà á.

"Tiyín ni, Bàbá. Báwo ló ṣe dé ilé wa?" ni mo béèrè.

"Ọdún tí sìmẹ́ńtì gbówó lórí," ni Bàbá wí. "Ọjà ò tà. Mi ò rí owó Múfú san. Ọkùnrin kan dé láti Ibafo pẹ̀lú mọ́tò, ó ní òun fẹ́ èyí tí owó ẹ̀ máa rọ̀, pé fẹ́ǹsì lásán lòun fẹ́ fi ṣe. Mo ní kí Múfú fi iyanrìn kún un. Mo ní kò tó nǹkan."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kórìíra jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn. Wọ́n máa ń ní bí kò bá tó nǹkan, kí ló dé tí ẹnu fi ń sọ ọ́.

"Ṣé ẹ bi í pé ta ló fẹ́ tà á fún?"

"Mi ò bi í. Láyé mi, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò béèrè nìyẹn."

Inú bí mi. Àánú wọn ń ṣe mí, inú sì bí mi síbẹ̀. Orí mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí mi ò sùn ní pálọ̀ bí wọ́n ṣe wí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún Màámi, tí wọ́n jẹ́ kí Màámi máa pè wọ́n ní onílara káàkiri Mowe.

"Bàbá onílara, èèyàn ti rí irú ẹ̀ rí," ni Bàbá wí. "Bàbá tó mọ búlọ́ọ̀kù burúkú fún ilé ọmọ ẹ̀, orúkọ wo ni ìyá rẹ máa pè é? Bí mo bá lọ, kó o sọ fún un. Bí mo bá ṣì wà, mi ò ní lè wo ojú ẹ̀." Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà. "Búlọ́ọ̀kù ò mọ ilé tó ń lọ, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Mo rò ó nínú mọ́tò padà. Mo ní ṣé kì í ṣe pé Bàbá, ẹni tí kì í ṣe ẹ̀dínwó fún ẹnikẹ́ni, ń gba ẹ̀dínwó lórí ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn, tí èmi ni màá wá san ìyókù lọ́jọ́ tí wọn kò ní sí níbẹ̀? Títí di òní, mi ò tíì mọ ohun tí màá dá ara mi lóhùn. Mo pa á mọ́nú. Mo jẹ́ kí Màámi máa bínú nítorí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rù ohun tó rí bẹ́ẹ̀ ń bà mí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú Bàbá lọ.

Màámi ní àwọn á wá síbi ìsìnkú bí àlejò. "Màá jókòó, màá dìde, màá lọ. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan." Àkọ́bí ni wọ́n o. Bí àkọ́bí kò bá fọwọ́ kan òkú bàbá rẹ̀, ará ilé á gbọ́, ará ọjà á gbọ́, àwọn fúnra wọn á sì máa gbọ́ ọ títí ọjọ́ tiwọn á fi pé. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ló kù.

Ìpàdé ẹbí wáyé ní Ifọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìsìnkú. Inú ọgbà ni wọ́n máa sin Bàbá sí, ó sì yẹ kí a fi búlọ́ọ̀kù mọ inú sàréè. Bùọ̀dá Délé ní òun ti ṣètò ìyẹn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń ṣe gbànjo, pé òun rà á lọ́pọ̀ gan-an, wọ́n ti já a sẹ́nu géètì. Màámi ń wo ilẹ̀.

Mi ò pinnu rẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti dìde. Mo jáde lọ sí géètì, mo gbé búlọ́ọ̀kù kan, mo gbé e dé ìbàdí, mo sì jù ú sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí.

Ó tú ká.

Múfú bú sẹ́kún, àgbà ọkùnrin, ó fi fìlà bojú. Màámi gbé ojú sókè wò mí, mo sì mọ̀ pé ojú Bàbá ni wọ́n rí lára mi, kò sì dùn mọ́ wọn.

Mo pe Màámi wọ abẹ́ páànù tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Mo yọ ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù náà nínú báàgì tí mo tún gbé wá láti Mowe, mo gbé mọ́ọ̀dù wá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọkùnrin Ibafo dé orí àtàǹpàkò. Nígbà tí mo parí, wọ́n gba ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù náà, wọ́n gbé e sí igun mọ́ọ̀dù. Ìlà náà wọ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

"Wọ́n mọ̀," ni Màámi wí.

"Wọ́n mọ̀, Mà."

"Wọ́n jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní onílara. Mo sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Bàbá burúkú. Bàbá burúkú! Ìwọ náà, o mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n kú." Wọ́n gbá mi létí, ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sì dùn mí tó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bàbá, wọ́n sunkún tí mi ò rí wọn sun nígbà tí bàbá mi kú.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó nu ojú. Wọ́n yọ ìborùn, wọ́n fi so ìbàdí, wọ́n pe Múfú.

"Àpò sìmẹ́ńtì kan. Mélòó ni bàbá mi ń yọ nínú ẹ̀?"

"Ọgbọ̀n, Mà."

"Múfú."

Múfú wo ilẹ̀. "Ọgbọ̀n, Mà. Àfi ẹrù mọ́tò kan yẹn."

Màámi gbé ṣọ́bìrì, wọ́n nà án sí i.

"Yọ márùndínlọ́gbọ̀n."

"Á wọ́n o, Mà."

"Jẹ́ kó wọ́n," ni Màámi wí. "Ilé bàbá mi ni."